Bí A Ṣe Ń Mú Kí Àwọn Òṣìṣẹ́ Tó Jìnnà Síra Wọn Mọ Ara Wọn Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bá fi sídìí ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbà ṣe é. Wọn á pe gbogbo òṣìṣẹ́ sí ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọn á ní kí a jọ ṣeré, àwọn mẹ́ta tí ẹnu wọn dá ṣáká á gba gbogbo ọ̀rọ̀ sọ, àwọn yòókù á pa kámẹ́rà wọn, wọn á sì máa dáhùn ímeèlì iṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ títí ìpàdé yóò fi tú. Nígbà tí wọ́n bá tún pe irú rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìdajì wọn kò ní yọjú. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí fún òṣìṣẹ́ 14, mo sì rò pé ó dára, àfìgbà tí ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pé gbogbo ẹni tí òun kò mọ̀ kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀ ni òun kò tíì mọ̀ di bí a ti ń wí yìí.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn ń ka ọ̀rọ̀ iṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kì í sì í rí ojú tó sọ ọ́. Eré ńlá kan ṣoṣo kò lè dí àlàfo yẹn, nítorí inú ọ̀rọ̀ kékeré tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ń bá ara wọn sọ léraléra ni ìsúnmọ́ra ti ń wá. Gbogbo ohun tí ẹ ó kà nísàlẹ̀ yìí, orí èyí ni ó dá lé.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, agbègbè aago tí oníkálukú wà, àti ọjọ́ tí kì í ṣiṣẹ́.
- Ìyọ̀ǹda ọ̀gá pé inú àkókò iṣẹ́ ni a ó ti ṣe é. Bí ẹ kò bá rí èyí gbà, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀.
- Ìkànnì ìpàdé tí gbogbo yín ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ má gbé ìkànnì tuntun wá nítorí eré.
- Ènìyàn méjì: olùdarí tí yóò máa sọ̀rọ̀, àti olùrànlọ́wọ́ tí yóò máa mójú tó ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ já.
- Nǹkan bí wákàtí 2 tiyín fún ìmúrasílẹ̀ ìjókòó àkọ́kọ́. Àwọn tó bá tẹ̀ lé e kì í gbà tó bẹ́ẹ̀.

Owó kò sí lára rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo dárúkọ nísàlẹ̀ yìí ni ẹ lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìpele 1: Ẹ wádìí ohun tó kù díẹ̀ káàtó

Ẹ fi ìwé ìbéèrè kékeré kan ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, èyí tí ẹni tó ń dáhùn kò ní kọ orúkọ sí. Ìbéèrè mẹ́ta ti tó:

1. Nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ènìyàn mélòó ni ẹ lè kàn sí tààrà, láìfòyà, bí iṣẹ́ bá rú yín lójú?
2. Ènìyàn mélòó ni ẹ ti bá ṣiṣẹ́ ju oṣù 3 lọ tí ẹ kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ?
3. Kí ni kò ní jẹ́ kí ẹ wá bí a bá pe ìjókòó ìmọra-ẹni?

Bí ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ bá jẹ́ 0 tàbí 1 fún ọ̀pọ̀ wọn, àjèjì ni wọ́n jẹ́ síra wọn, ẹni méjì-méjì sì ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá mọ ara wọn ṣùgbọ́n tí ìdáhùn kẹta kún fún àárẹ̀ ìpàdé, ohun tí kò ní ìpàdé nínú ni kí ẹ yàn. Bí ó bá wá jẹ́ pé owó oṣù, iṣẹ́ àṣejù tàbí ọ̀rọ̀ àbùkù láti ẹnu ọ̀gá ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ẹ gbé eré tì ná.

*Ìkìlọ̀:* Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, nítorí pé wọ́n fẹ́ fi eré bo ẹ̀sùn mọ́lẹ̀. Ẹni tí inú ń bí kò ní rẹ́rìn-ín nítorí pé a ní kó ya àwòrán. Inú rẹ̀ á tún bí i sí i.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbìyànjú láti fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọ ohun tí ẹ fẹ́ tún ṣe, bí àpẹẹrẹ, «àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè oníbàárà àti àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà kò mọ ara wọn.» Bí gbólóhùn náà bá gùn ju ìyẹn lọ, ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ ń wá.

Ìpele 2: Ẹ mú àkókò tí kò ní ni ẹnikẹ́ni lára

Ẹ kọ aago oníkálukú sílẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé fi ń díwọ̀n tiwọn: + túmọ̀ sí pé aago ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, − sì túmọ̀ sí pé ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó wà ní UTC+1 fi wákàtí 6 ṣáájú ẹni tó wà ní UTC−5: nígbà tí aago 3 ọ̀sán bá lù fún ẹni àkọ́kọ́, aago 9 àárọ̀ ni fún ẹnì kejì. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá wá fi ẹni tó wà ní UTC+8 kún un, aago 10 alẹ́ ti lù lọ́dọ̀ tirẹ̀ ní àsìkò kan náà. Fún irú àwọn mẹ́ta yìí, kò sí wákàtí kan tó bọ́ sí ojú ọ̀sán fún gbogbo wọn, ẹ má sì máa wá a. Ẹ pín in sí ìjókòó méjì, tàbí kí ẹ máa yí ìnira náà ká, kí ẹni tó ṣàìsùn lóṣù yìí má ṣe é lóṣù tó ń bọ̀.

*Ìkìlọ̀:* Àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń sún aago wọn síwájú ní ìgbà ìrúwé, wọn á sì dá a padà nígbà tó bá yá, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é yàtọ̀. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta ni Amẹ́ríkà ń sún tirẹ̀, ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì jẹ́ ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 yẹn, àlàfo tó wà láàárín wọn kì í rí bí ó ti máa ń rí, irú rẹ̀ sì tún máa ń ṣẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láàárín òpin oṣù Kẹwàá àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Ẹni tó bá ń fi orí ṣe ìṣirò á pe ènìyàn sí yàrá òfìfo. Inú kàlẹ́ńdà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti ṣètò rẹ̀, òun ni yóò bá yín yí i.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ní kí àwọn méjì tó jìnnà síra jù lọ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n rí lórí ẹ̀rọ tiwọn ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ sì fi wé ohun tí ẹ ní lọ́kàn.

Ìpele 3: Ẹ yan ohun tí ẹ ó ṣe

Àwọn tí kò mọ ara wọn rárá, ẹ fún wọn ní ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ẹni méjì-méjì fún ìṣẹ́jú 25, pẹ̀lú ìbéèrè tí a ti kọ sílẹ̀. «Ẹ sọ nípa ara yín» kì í ṣe ìbéèrè, ẹrù ni. Èyí tí mo máa ń lò rèé: Iṣẹ́ wo ni ẹ kọ́kọ́ ṣe tí wọ́n fi sanwó fún yín? Kí ni ẹ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa tí ẹnikẹ́ni kò bi yín rí níbi iṣẹ́? Kí ni ẹlòmíràn lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí tí iṣẹ́ yín yóò fi rọrùn? Ìkẹta yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé òun ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ran ara wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ kejì.

Àwọn tó mọ orúkọ ara wọn ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ wọn le gírígírí, ẹ fún wọn ní eré àwòrán. Lórí skribbl.io, ẹnì kan á máa yàwòrán, àwọn yòókù á máa tẹ ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́. Ẹ sì lè fi àwọn ọ̀rọ̀ tiyín síbẹ̀, kí wọ́n máa ya nǹkan tó jẹ mọ́ iṣẹ́ yín gan-an. Lórí Gartic Phone, ẹnì kan á kọ gbólóhùn, ẹnì kejì á yà á, ẹ̀kẹta á kọ ohun tó rí nínú àwòrán náà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yóò fi dàrú pátápátá. Méjèèjì ń ṣí lórí ẹ̀rọ láìgba ohunkóhun sílẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn nítorí pé ẹni tí kò mọ àwòrán yà ni ó ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, ẹni jẹ́jẹ́ kò sì ní láti la ohùn kó tó kópa.

Bí aago bá jìnnà jù, tàbí tí ìpàdé ti sú wọn, ẹ má pe ìpàdé rárá. Ẹ ní kí oníkálukú ya fọ́tò ohun kan tó wà lórí tábìlì rẹ̀, kó fi í sí ojú òpó ìkọ̀rọ̀ránṣẹ́ yín láàárín ọjọ́ 3, kó sì bi ẹlòmíràn ní ìbéèrè kan nípa fọ́tò tirẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni iṣẹ́ gidi. Fọ́tò kàn jẹ́ àwáwí lásán.

Àwọn tó ti pẹ́ pọ̀ ní tiwọn ni kí ẹnì kan nínú wọn kọ́ àwọn yòókù ní ohun tó mọ̀ fún ìṣẹ́jú 10, yálà bí a ṣe ń ta kókó okùn ni tàbí bí a ṣe ń tún fọ́tò ṣe.

*Ìkìlọ̀:* Ẹ ṣọ́ra fún ìdíje ìbéèrè nípa fíìmù, orin tàbí bọ́ọ̀lù, nítorí pé àwọn tó dàgbà ní orílẹ̀-èdè kan náà ni yóò máa borí, tí àwọn yòókù yóò sì máa jókòó bí àlejò. Ẹ yẹra fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ọmọ, ẹ̀sìn, ìṣèlú, ọjọ́ orí àti ara ènìyàn. Ẹ má sì ní kí ẹnikẹ́ni fi inú ilé rẹ̀ hàn. Kì í ṣe ilé gbogbo ènìyàn ni a lè fi kámẹ́rà yí ká.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ bi ara yín: ǹjẹ́ ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò lágbára lè ṣe é? Ǹjẹ́ ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lè ṣe é? Ǹjẹ́ ẹni tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá lè borí nínú rẹ̀? Bí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ yan òmíràn.

Ìpele 4: Ẹ tún yàrá ìpàdé ṣe

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀fẹ́ pin sí. Ìpàdé ọ̀fẹ́ Zoom máa ń parí ní ìṣẹ́jú 40. Ti Google Meet máa ń parí ní ìṣẹ́jú 60 bí ènìyàn bá ti pé mẹ́ta. Kò sí ohun tó ń ba ìjókòó jẹ́ bíi kí ó já nígbà tí ẹnì kan ń sọ ìtàn ara rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ìṣẹ́jú 40 ni mo fi ń díwọ̀n gbogbo rẹ̀.

Ẹ pín wọn sí yàrá kékeré ẹni mẹ́ta-mẹ́ta ṣáájú, pẹ̀lú ọwọ́ ara yín. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀rọ pín wọn fúnra rẹ̀, àwọn tó ń rí ara wọn lójoojúmọ́ lè bọ́ sí yàrá kan náà. Bí ìkànnì yín kò bá ní yàrá kékeré, ẹ ṣí ìpàdé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹni mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì fi lìǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín.

Ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń fi àwòrán ara ẹni pamọ́ lójú ẹ̀rọ. Jeremy Bailenson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford, ka ohun mẹ́rin nínú àpilẹ̀kọ kan ní 2021 tó lè mú kí ìpàdé onífídíò máa rẹni: ojú ènìyàn tó súnmọ́ni jù, rírí ara ẹni nígbà gbogbo bí ẹni tó jókòó síwájú dígí, àìlèrìn kiri, àti làálàá tí ọpọlọ ń ṣe láti mọ ohun tí ẹnìkejì ń fi ara sọ. Èkejì rọrùn jù láti mú kúrò. Bọ́tìnì kan ni. Fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ẹni méjì, ẹ tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n fi fóònù ṣe é, kí wọ́n máa rìn.

*Àyẹ̀wò:* Ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ̀yin àti olùrànlọ́wọ́ ẹ wọ ìpàdé náà pẹ̀lú fóònù, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, kí ẹ wọ yàrá kékeré kí ẹ sì padà jáde. Ohun tó bá yọ fóònù lẹ́nu ni yóò yọ òṣìṣẹ́ yín lẹ́nu.

Ìpele 5: Ẹ kọ ìwé ìpè

Ìwé ìpè tó dára kúrú, ó sì sọ òótọ́. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

«Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, a ó pàdé fún ìṣẹ́jú 40 nínú àkókò iṣẹ́. Ẹ ó wà ní yàrá ẹni mẹ́ta, ẹ ó sì dáhùn ìbéèrè méjì tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ lè pa kámẹ́rà yín. A kò ní gba ohùn tàbí àwòrán sílẹ̀. Bí ẹ kò bá lè wá, kò sí ìdí tí ẹ ó fi ṣàlàyé.»

Kí ìbéèrè wà nínú ìwé náà ni kókó rẹ̀. Ẹni tó máa ń ronú kó tó sọ̀rọ̀ yóò ti rí ohun sọ kí ọjọ́ tó pé.

*Ìkìlọ̀:* Ẹ má kọ «kò pọn dandan» kí ẹ tún wá máa ka ẹni tó wà àti ẹni tí kò sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ ń gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Ìpele 6: Ẹ darí ìjókòó náà

Èyí ni bí mo ṣe ń pín ìṣẹ́jú 40 fún ènìyàn 12.

*Ìṣẹ́jú 0 sí 4.* Ẹ ti wà níbẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó dé, kí ẹ sì kí oníkálukú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Ẹ bi wọ́n tẹ́lẹ̀ bí a ṣe ń pe orúkọ náà. Ẹ má dúró de ẹni tó pẹ́. Olùrànlọ́wọ́ ni yóò gbà á wọlé.

*Ìṣẹ́jú 4 sí 7.* Ẹ fi gbólóhùn mẹ́ta ṣàlàyé, kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè náà fúnra yín láàárín ìṣẹ́jú kan. Ibi tí ẹ bá jìn dé ni wọn yóò jìn dé. Bí ẹ bá ní «iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi ni akọ̀wé», wọn á fún yín ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ẹ bá ní ọjọ́ kejì tí ẹ débẹ̀ ni ẹ ṣèèṣì pa gbogbo lẹ́tà ọ̀gá rẹ́, wọn á sọ tiwọn.

*Ìṣẹ́jú 7 sí 25.* Yàrá kékeré. Ẹ wo ìṣirò yìí: bí gbogbo ènìyàn 12 bá jókòó sí yàrá kan fún ìṣẹ́jú 18, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ gba ti ẹlòmíràn. Ní yàrá ẹni mẹ́ta, ìṣẹ́jú 6 ni. Ọ̀rọ̀ tó ń mú obì jáde lápò kì í gbà ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ọ̀gá ń kópa bí ọmọ ẹgbẹ́ lásán, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi òun àti òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tààrà sí yàrá kan náà ní ìgbà àkọ́kọ́.

*Ìṣẹ́jú 25 sí 36.* Gbogbo wọn padà. Oníkálukú kò ní sọ ti ara rẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan á yan ẹnì kan tí yóò sọ ohun kan tó gbọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn, lẹ́yìn tó bá ti gbàyè lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ìdí nìyí tí wọ́n á fi fetí sílẹ̀ nínú yàrá.

*Ìṣẹ́jú 36 sí 40.* Ẹ sọ ọjọ́ tó kàn, ẹ dúpẹ́, ẹ jáde. Ẹ parí kí àkókò tó pé.

*Ìkìlọ̀:* Bí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé dákẹ́, ẹ ka 1 dé 7 nínú ọkàn yín kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdákẹ́jẹ́ sì máa ń gùn létí olùdarí ju bí ó ti gùn lọ. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù, ẹ fi í ṣe olùṣọ́ aago. Ẹni tó dákẹ́, ẹ má ṣàdédé pe orúkọ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì sọ ọ̀rọ̀ tó dun ẹlòmíràn, gbólóhùn kan ni kí ẹ fi dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ sì kàn sí àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ náà.

*Àyẹ̀wò:* Kí wákàtí kan tó kọjá, ẹ kọ ìdáhùn sí ohun méjì yìí sílẹ̀. Ènìyàn mélòó ni kò sọ̀rọ̀, tí kò sì tẹ ohunkóhun? Ǹjẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan ní ohun kan sọ nípa ẹlòmíràn? Ẹ̀rín kì í ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé ènìyàn lè rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àjèjì.

Ìpele 7: Ẹ má jẹ́ kó tutù láàárín ìjókòó méjì

Ìjókòó ńlá kan lóṣù ti tó. Ní ọ̀sẹ̀ tó kù, ẹ máa so ènìyàn méjì-méjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú 25. Ẹgbẹ́ ẹni 8 ní ìdàpọ̀ méjì-méjì 28, ọ̀sẹ̀ 7 sì ni ẹ fi lè ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí ẹni tó pàdé ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ 1, 2, 3, 4 sórí ìlà òkè, kí ẹ kọ 8, 7, 6, 5 sábẹ́ wọn. Ẹni tó wà lábẹ́ ẹni ni yóò bá a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn: 1 pẹ̀lú 8, 2 pẹ̀lú 7, 3 pẹ̀lú 6, 4 pẹ̀lú 5. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, 1 kò kúrò lójú kan. Gbogbo àwọn yòókù á sún ìgbésẹ̀ kan bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ìlà òkè á di 1, 8, 2, 3, ìlà ìsàlẹ̀ á di 7, 6, 5, 4. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa ṣe lọ. Bí iye yín kò bá pín sí méjì dọ́gba, ẹ fi «ìsinmi» kún orúkọ. Ẹni tó bá bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ sinmi lọ́sẹ̀ náà.

*Ìkìlọ̀:* Ẹ má fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì láti wá àkókò fúnra wọn. Títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, oníkálukú á ṣì máa retí kí ẹnìkejì kọ́kọ́ kọ̀wé. Ẹ̀yin ni kí ẹ fi í sínú kàlẹ́ńdà wọn. Wọ́n lè sún un bó bá wù wọ́n.

*Àyẹ̀wò:* Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n pàdé. Ẹ má bèèrè ohun tí wọ́n sọ.

Ìpele 8: Ẹ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 7

Ẹ tún fi ìbéèrè 1 àti 2 ti ìpele àkọ́kọ́ ránṣẹ́, bí wọ́n ti rí gẹ́lẹ́, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Iye ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹ kó gòkè, ti èkejì yẹ kó rẹlẹ̀. Ẹ wo ojú òpó iṣẹ́ yín náà: ǹjẹ́ ìbéèrè «ẹ jọ̀ọ́, èyí kò yé mi» ti ń jáde ní gbangba, dípò kí ẹnì kan máa dá nìkan jìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì? Bí iye náà kò bá yí padà, ẹ má fi kún iye ìjókòó. Ẹ padà sí gbólóhùn tí ẹ kọ ní ìpele 1, nítorí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn mìíràn ni ẹ ń tọ́jú.

Bí ẹ bá sì rí i pé wọ́n ti ń ṣètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tiwọn láìsí ìpè yín, ẹ gbé àtòjọ orúkọ náà lé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́, kí ẹ yọ àkọsílẹ̀ tiyín kúrò lórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì máa wá sí ìjókòó bí ẹnikẹ́ni nínú wọn.